Ìkòkò Kan, Ìlẹ̀kùn Mẹ́rin

Ní ọdún kẹta ogun náà, ènìyàn mẹ́rin ń gbé inú ilé ayálégbé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ń bá ẹnì kejì gbé.

Yàrá mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ilé ìdáná sì wà ní ìparí rẹ̀. Onílé ti sá lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìgbèríko láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó fi òfin rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná pé kí kálukú máa dáná lórí sítóòfù tirẹ̀, kí kálukú máa ti kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pẹ́ níbẹ̀. Sítóòfù mẹ́rin tò sórí tábìlì gígùn bí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń bínú síra wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rin wà lókè wọn, àgádágodo mẹ́rin sì wà lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹnì kan bá wà nídìí iná, tí ẹlòmíràn sì gbọ́ ìró ìkòkò, yóò jókòó sínú yàrá rẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Wọn kò jà rí. "Ẹ káàárọ̀" kò wọ́n lẹ́nu wọn, "ẹ kú ilé" náà kò sì wọ́n. Ìtìjú lásán ni, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ìwà.

Yàrá àkọ́kọ́ lọ́tùn-ún, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ni ti Ìyá Aránṣọ. Opó ni, ó ga, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, orin ìyìn ló sì fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: bí orin bá yá, ẹ̀rọ á yá, bí orin bá falẹ̀, ẹ̀rọ á falẹ̀. Ọrùn aṣọ ológun ló ń rán fún iléeṣẹ́ ìjọba, ó ń rán an ní dọ́sìnnì-dọ́sìnnì. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, ọkùnrin, ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Màmá, ibí yìí ni n ó padà sí o. Ẹ má kó lọ síbì kankan." Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Níbo ni mo fẹ́ kó lọ? Máa lọ, kí o sì tètè bọ̀."

Lẹ́tà ọmọ náà ń dé lóṣooṣù. Nígbà tó yá, lẹ́tà dáwọ́ dúró, ìwé kan sì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa lórí, pé àwọn kò tíì lè sọ ibi tí ọmọ ogun náà wà. Ìyẹn ti di oṣù mẹ́rin. Ìyá Aránṣọ ká ìwé náà, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀, kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá fi hàn?

Ẹni tí ògiri yàrá tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti Ìyá Aránṣọ ni Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àríwísí. Ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Baba Aago ń gbé, ẹni tí ó ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀. Yàrá kẹrin ni ti Nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́bìnrin tí ọsibítù àwọn ológun ń lò bí ẹni ń lo ìgbálẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú kó tó délé.

Ìwé ìjọba dé ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀dà mẹ́rin, wọ́n tì í gba abẹ́ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wọlé. Kálukú mú tirẹ̀, kálukú jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kálukú sì dá nìkan gbé ẹ̀rù náà mì. Bí kì í bá ṣe pé dígí ojú Tíṣà ti fọ́, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ì bá ṣe dá nìkan di ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò rí ìwé kà, ó sì wá kan ìlẹ̀kùn Ìyá Aránṣọ. Láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń gbé ilé náà, kò sí ará ilé tí ó kan ìlẹ̀kùn yẹn rí.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Ẹ má sáré kà á o. Mo fẹ́ gbọ́ ibi tí wọ́n ti dánu dúró."

Ó kà á fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dá gbé yàrá kan kó jáde kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Àwọn ọkùnrin yóò lọ sí àgọ́ lẹ́yìn ìlú, àwọn obìnrin yóò lọ sí gbọ̀ngàn tí a ṣe fún wọn ní ilé iṣẹ́ ìgò àtijọ́, àwọn yàrá yóò sì di ti àwọn òṣìṣẹ́ ológun. Agbo ilé nìkan ni wọn kò ní fọwọ́ kàn. Agbo ilé ni ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń gbé abẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan. Akọ̀wé yóò wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó ní Ọjọ́bọ̀.

Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí ìlẹ̀kùn. Baba Aago náà yọjú, dígí kékeré tí ó fi ń wo inú aago ṣì wà lójú rẹ̀ kan.

"Ó rọrùn," Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹbí ni wá. Tíṣà ni bàbá yín, Màmá, èmi ni ọmọ yín. Baba Aago, ẹ̀yin ẹ máa jẹ́ àbúrò Tíṣà."

"Àbúrò ta ni?" Baba Aago bi í. "Ọdún méjì ni mo fi ju ọkùnrin yìí lọ."

"Ìṣesí yín ò fi hàn," Tíṣà wí. "Èmi náà ò sì lè bí Ìyá Aránṣọ. Ẹ wo gíga rẹ̀, ẹ wá wo tèmi. Akọ̀wé tó bá gba ìyẹn gbọ́, ojú ló ń dùn ún."

Ìyá Aránṣọ mi orí. "Mi ò ní purọ́. Àràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí irọ́ tẹnu mi jáde gba iwájú àdúrà yẹn kọjá."

"Ẹ máa di ẹrù nìyẹn, Màmá," Nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mi ò ní di ẹrù kankan." Ó tún gbé ìwé náà sókè. "Ta ló sọ̀rọ̀ ẹbí níbí? Ìkòkò ni wọ́n sọ. Ṣé a ò ní ìkòkò ni? Ẹ jẹ́ ká máa jẹ nínú ìkòkò kan láti ọ̀la. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, òótọ́ la máa sọ."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnì kejì ń jẹ.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó ń bọ̀ láti iléeṣẹ́ níbi tí ó ti lọ kó ọrùn aṣọ sílẹ̀, Ìyá Aránṣọ yà wo gbọ̀ngàn àwọn obìnrin. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó ń kọ̀. Bẹ́ẹ̀dì irin tò lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìparí, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn ìgò kò tíì tán nínú ògiri, bí ọtí kíkan. Obìnrin kan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ dí ojú ihò ìbọ̀sẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi?" obìnrin náà bi í.

"Mo kàn wá wò ó ni."

"Kò sóhun tí ẹ fẹ́ wò. Òrùlé ò jò. Ẹni tó bá ń hanrun nìkan ni ìṣòro wa."

"Lẹ́tà ńkọ́? Tí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí ilé tí ẹ ti kó kúrò?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Wọ́n ń dá a padà ni. Wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé 'kò sí níbí mọ́.' Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi gba lẹ́tà tó kọ sí mi padà báyẹn. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó mọ̀ pé mo ṣì wà láyé."

Ìyá Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó gba títì tí wọ́n ti to àpò iyanrìn sí ojú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù, kò sì dúró títí ó fi dé ìdí ìlà àwọn tí ń ra ẹ̀wà, níbi tí Baba Aago ti gba àyè dè é.

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" Baba Aago bi í.

"Bí ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí. Mi ò ní lọ."

"Wọ́n lè fi tipátipá mú yín."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé mi. Mo ga, mo sì wúwo. Wọ́n á mọ̀ pé àwọn gbé nǹkan."

Baba Aago rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà níwájú wọn fi wẹ̀yìn.

Ìkòkò ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Aránṣọ tí ó ń kó òwú sí. Ó da òwú náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọ ìkòkò, ó sì gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé wọn ò lè se nǹkan kan láìṣí kọ́bọ́ọ̀dù lójú ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣaláìní rí, ẹ mọ̀ pé ó yá ni lára láti bọ́ aṣọ níwájú dókítà ju láti ṣí ibi oúnjẹ ẹni níwájú aládùúgbò lọ. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀: àlùbọ́sà mẹ́rin, ata gbígbẹ, búrẹ́dì àná. Baba Aago ṣí tirẹ̀: òróró díẹ̀, ìrẹsì díẹ̀ nínú agolo. Ìyá Aránṣọ ní ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ kan. Ó ku Tíṣà. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú, kò fẹ́ kì í bọ àgádágodo.

"Tèmi ò ní nǹkan pàtàkì nínú," ó wí.

"Ẹ ṣí i, Tíṣà," Ìyá Aránṣọ wí. "Gbogbo wa la ti ṣí tiwa."

Ó ṣí i. Iyọ̀ ló wà níbẹ̀, àti agolo tíì kan, kò sì sí ohun mìíràn.

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń dáná. Èmi máa ń gbọ́ ìkòkò yín."

"Omi ni mò ń sè," Tíṣà wí. Ó gbé orí rẹ̀ sókè bí ẹni tí ó wà níwájú kíláàsì. "Láti ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì ti dáwọ́ dúró ni. Ọ̀sán ni mo máa ń jẹun, lọ́dọ̀ àwọn aláàánú ní ibùdókọ̀. Mo máa ń fi ṣíbí lu ìkòkò díẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa bi mí."

Kò sí ẹni tí ó bi í. Ìyá Aránṣọ gba iyọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Iyọ̀ yìí ni ìkòkò wa ò ní," ó wí, òótọ́ ni ó sì sọ, nítorí iyọ̀ tirẹ̀ ti tán láti ọjọ́ Àìkú.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí eyín Tíṣà kù ní ọ̀tún nìkan. Àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí inú Baba Aago. Nọ́ọ̀sì fẹ́ ata ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi ata sí i. Tíṣà tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ó kù díẹ̀ káàtó. Baba Aago bi í pé omi tí Tíṣà ń sè látijọ́, ṣé ó máa ń dùn jù báyìí lọ, Tíṣà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Sítóòfù kan ló jó. Àwọn mẹ́ta yòókù tutù.

Nígbà tí oúnjẹ jinná, Ìyá Aránṣọ bu ú sí àwo mẹ́rin. Olúkúlùkù gba tirẹ̀, olúkúlùkù ní "ẹ ṣeun," olúkúlùkù sì gbé àwo rẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Ọjọ́rú. Ẹ má rò pé wọ́n gọ̀. Wọ́n ti ṣe ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe, ìkòkò ti di ọ̀kan, kò sì wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ohun kan kù.

Akọ̀wé dé ní Ọjọ́bọ̀, kété lẹ́yìn tí Nọ́ọ̀sì wọlé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n sì ti bu oúnjẹ. Ìyá Aránṣọ ti fi ẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ti gbàdúrà, ó ti fi ṣíbí kan ẹnu, kí ó tó gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò tí ó ń rìn lọ, tí ó ń rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí ẹni náà fi nǹkan kan ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ará ilé jáde síta."

Ó jáde. Tíṣà jáde. Baba Aago àti Nọ́ọ̀sì jáde. Àwo wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ṣíbí sì wà nínú àwo. Ìgbà tí Ìyá Aránṣọ rí àwọn mẹ́ta yòókù tí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ni ojú rẹ̀ tó là, ara rẹ̀ sì gbóná láti ọrùn dé etí.

Akọ̀wé náà kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó gbé páálí ìkọ̀wé mọ́ àyà, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀. "Mo rí ìkòkò," ó wí, ó sì fi orí júwe ilé ìdáná. "Ìkòkò kan ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti dúró síbí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlẹ̀kùn mẹ́rin, ṣíbí mẹ́rin. Ta ló ń bá ta jẹun?"

Nọ́ọ̀sì wo àwo ọwọ́ rẹ̀.

"Ilé oúnjẹ lẹ dá sílẹ̀, Màmá. Kì í ṣe agbo ilé." Ó fa pẹ́ńsù yọ. "Ẹni mẹ́rin, wọ́n ń dá gbé."

"Ìwé ò sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn," Tíṣà wí. "Ìkòkò ló sọ. Mo mọ gírámà."

"Rárá, Tíṣà," Ìyá Aránṣọ wí. "Òótọ́ ni akọ̀wé sọ. Èmi fúnra mi ni mo fẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mi." Ó wo akọ̀wé lójú. "Ó ti pẹ́ tá a ti jẹun pẹ̀lú ènìyàn, a ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì, wá bá mi dì í mú."

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá òwú àti aṣọ kúrò lórí tábìlì tí ó fi ń gé aṣọ, òun àti Nọ́ọ̀sì sì gbé tábìlì náà jáde. Tábìlì náà gùn. Bí wọ́n ṣe gbé e dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní ìbú, ó kan ògiri ọ̀tún, ó kan ti òsì. Akọ̀wé wà ní ìhà ilé ìdáná, àtẹ̀gùn sì wà ní ìhà kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó wí. "Ilé mẹ́sàn-án ni mo ṣì fẹ́ dé."

"Ẹ jókòó díẹ̀. Tíṣà, ẹ gbé àga yín fún àlejò. Ẹ̀yin ẹ jókòó sórí bọ́kùsì mi."

"Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yìí o."

"A mọ̀. Ẹ jókòó, òfin náà á jókòó."

Akọ̀wé wo tábìlì, ó wo gíga Ìyá Aránṣọ, ó sì jókòó. Wọ́n gbé àwo mẹ́rin sórí tábìlì náà. Ìyá Aránṣọ ní kí Nọ́ọ̀sì gbàdúrà, nítorí òun ló ṣiṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì di ojú. "Olúwa, a dúpẹ́. Ebi ń pa wá. Àmín." Baba Aago, tí àdúrà tirẹ̀ máa ń gùn bí ojú irin, ṣe àmín bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé.

"Èyí tí ẹ ń ṣe lójú mi yìí," akọ̀wé wí, "ṣe ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Agbo ilé máa ń mọ ara wọn. Ẹ̀yin, bàbá." Ó nawọ́ sí Tíṣà. "Ìgbà wo ni arábìnrin yìí máa ń dé láti ibi iṣẹ́?"

"Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá," Tíṣà wí láìronú. "Ó máa ń fo àtẹ̀gùn kẹta, torí ó ń dún. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan ti kú lọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, kò rántí pé ó ń dún mọ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mi kì í wúkọ́. Mo máa ń fi pílò bo ẹnu, kó lè sùn."

Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọkùnrin àgbà náà bí ẹni tí kò rí i rí.

Akọ̀wé yíjú sí Baba Aago. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ mọ̀ nípa màmá yìí?"

Baba Aago ti àwo rẹ̀ síwájú. "Ó máa ń fi orin ránṣọ. Mo mọ orin tó máa ń fi rán apá títọ́, mo mọ èyí tó máa ń fi rán ibi tó tẹ̀. Lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀rọ yẹn dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò gbọ́ orin, mi ò gbọ́ ẹkún." Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé, Ìyá Aránṣọ gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ìlẹ̀kùn yín. Mi ò kàn án."

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín," Ìyá Aránṣọ wí. "Mo dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Èmi náà ò ṣí i."

Ọkọ̀ ojú irin kan ń kọjá níta, ó ń fa àwọn ọmọ ogun lọ. Akọ̀wé fi pẹ́ńsù rẹ́ ohun tí ó ti kọ. Ó fa ìwé mìíràn yọ lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ìwé tí ó nípọn jù ú lọ.

"Ta ni olórí agbo ilé yìí?"

"Èmi ni mo dàgbà jù," Baba Aago wí.

"Ọdún méjì péré," Tíṣà wí. "Ìyẹn ò tó nǹkan téèyàn ń fi ṣe olórí."

"Ẹni tó ni ìkòkò ni," Nọ́ọ̀sì wí, kò sì sí ẹni tí ó bá a jiyàn.

Akọ̀wé kọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹni mẹ́rin," ó wí.

"Ẹni márùn-ún," Ìyá Aránṣọ wí.

Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká. "Ẹni karùn-ún dà?"

"Ọmọ mi ni. Ojú ogun ló wà."

"Àwọn ológun ló ń ka ọmọ ogun, Màmá. Ìwé tiwọn ló wà."

"Tí a ò bá wá kọ ọ́ sínú tiwa ńkọ́?"

Akọ̀wé fọwọ́ ra ojú. Ó hàn pé kò wù ú láti sọ ọ́. "Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé yìí kò ní ilé síbí mọ́. Lẹ́tà tó bá kọ síbí, wọ́n á dá a padà. Tí òun fúnra rẹ̀ bá dé, bárékè ni wọ́n á júwe fún un."

Ìyá Aránṣọ dìde, ó wọ yàrá, ó sì mú ìwé olóǹtẹ̀ pupa jáde láti inú Bíbélì rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, láàárín àwo. Tíṣà kò rí i kà. Nọ́ọ̀sì kà á sókè fún un, ohùn rẹ̀ sì ń relẹ̀ bí ó ṣe ń kà á lọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ kọjá àwo, ó gbé e lé ọwọ́ Ìyá Aránṣọ, kò sì gbé e kúrò.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," Ìyá Aránṣọ wí fún akọ̀wé. "Àwọn tí wọ́n mú un lọ ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tó wà. Tí wọn ò bá mọ ibi tó wà, wọn ò lè sọ pé inú iye àwọn ló wà. Inú iye tèmi ló wà. Mo sọ fún un pé mi ò ní kúrò níbí, mi ò sì tíì kúrò. Ẹ kọ márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́rin, mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́, n ó sì máa jókòó sídìí tábìlì yìí títí àwọn tó máa gbé mi yóò fi dé."

"Wọ́n á sì gbé èmi náà," Baba Aago wí.

"Èmi ò wúwo," Tíṣà wí, "àmọ́ mo lè pariwo."

Akọ̀wé wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó sì kọ ọ́: orúkọ ọmọ náà, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ẹni márùn-ún.

"Pẹ́ńsù lẹ fi kọ ọ́," Ìyá Aránṣọ wí.

"Ká lè rí i tún ṣe ni, Màmá, tí ọ̀gá mi bá ní ó ku ibì kan."

"Kò ku ibì kankan. Ẹ fi tàdáwà kọ ọ́."

"Wọ́n lè bá mi wí o."

"Ẹ ní kí wọ́n wá bá mi níbí. Wọ́n mọ ilé."

Ọkùnrin náà fa kálàmù yọ láti inú àpò. Ó tẹ̀lé ohun tí ó ti kọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, tàdáwà dúdú lórí pẹ́ńsù, títí tí ó fi dé orúkọ karùn-ún, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè gbẹ. Ìyá Aránṣọ gba kálàmù náà, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, kò sì yára kọ ọ́.

Akọ̀wé kó ìwé rẹ̀ jọ, ó dìde, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ó dí ọ̀nà. "Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n kọjá báyìí?"

"Tá a bá jẹun tán," Ìyá Aránṣọ wí, ó sì fa àwo rẹ̀ súnmọ́ ara rẹ̀.